Àwo rédíò ayé àtijọ́: báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ṣọ̀wọ́n?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ràn orin jazz àti orin àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ìgbà ogun àgbáyé kejì. Láìpẹ́ yìí mo ra páálí kan tí àwo orin kún inú rẹ̀, àmọ́ wọ́n tóbi ju àwo tí mo mọ̀ lọ, wọn ò gba orí giramafóònù mi. Wọ́n tẹ AFRS sójú àwọn kan. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi kọ nǹkan sí wọn, tí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ti bo ojú wọn. Ṣé kí n fi spirit nù wọ́n? Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ṣọ̀wọ́n, ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀ bí mo bá fẹ́ máa kó irú wọn jọ?”

Àbúrò mi, o kú ìnáwó. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kán jù: má fi spirit kan àwọn àwo tí wọ́n fi ọwọ́ kọ nǹkan sí yẹn o. Má tíì fi ohunkóhun nù wọ́n, má sì gbé abẹ́rẹ́ lé wọn. Ọtí inú spirit máa ń yọ́ ọ̀dà tí ohùn wà lára rẹ̀, ohùn tó bá sì bá a lọ kò ní padà mọ́. Gbé wọn dúró lóòró níbi tó tutù, tí kò lọ́rinrin, tí oòrùn kì í dé, kí o wá fara balẹ̀ ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ni àwọn tó ń kó àwo jọ ń pè ní transcription, ìyẹn àwo tí wọ́n ṣe fún ilé-iṣẹ́ rédíò, tí kò sí fún títà lọ́jà. Íǹṣì 16 ni fífẹ̀ rẹ̀, ìgbà 33⅓ ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kan sì ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ọ̀dọ̀ àwọn onísinimá ni ìwọ̀n yẹn ti wá. Nígbà tí Vitaphone bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn sí fíìmù ní 1926, wọ́n nílò àwo tí ojú kan rẹ̀ á máa kọ títí ìdì fíìmù kan yóò fi tán, èyí tó ń gbà tó ìṣẹ́jú 11. Àwo tí àwọn èèyàn ń rà lọ sílé nígbà náà, tó ń yí ní ìgbà 78, kì í sábà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Àwọn oní-rédíò rí i pé àwo ńlá náà wúlò fún àwọn, wọ́n sì gbà á lò.

Ìdí tí rédíò Amẹ́ríkà fi nílò rẹ̀ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá méjèèjì, NBC àti CBS, kò fẹ́ kí ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ jáde lórí ìsopọ̀ wọn. Ohun gbogbo gbọ́dọ̀ jẹ́ ààyè: olórin gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu gbohùngbohùn ní wákàtí náà gan-an. Ìgbà tí ọkọ̀ òfúrufú Hindenburg jóná ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1937, tí Herbert Morrison ń sunkún bó ṣe ń ròyìn rẹ̀ sórí àwo, ni NBC gbà láti yà kúrò lórí òfin yẹn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kékeré tó wà ní ìlú kékeré kò lówó ẹgbẹ́ olórin tí yóò máa kọrin láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyẹn ni àwọn bíi World Broadcasting System, Standard, Associated, Lang-Worth àti Thesaurus ti NBC, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1935, rí ṣe ní òwò. Wọ́n ń pe olórin wá sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n ń gba orin púpọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń fi àwo náà yá àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò, tí wọ́n ń san owó lóṣooṣù. Art Tatum ṣe é, Fats Waller ṣe é, Duke Ellington ṣe é, Nat King Cole àti àwọn méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ náà ṣe é. Ọ̀pọ̀ orin tí wọ́n kọ sórí àwo wọ̀nyí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò dé ṣọ́ọ̀bù kankan nígbà náà. Ohun tó ń fà wá sí wọn nìyẹn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe àwo rédíò, bí o kò bá mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, o lè ba ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn jẹ́, kí o sì máa fi owó ńlá ra ohun tó wà káàkiri. Mú ọ̀kan lára wọn, di etí rẹ̀ mú, má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Gbé e sábẹ́ iná, kí o wo inú ihò àárín. Bí ara ihò náà bá rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwo títẹ̀ ni. Irin ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní ilé-iṣẹ́, irú rẹ̀ púpọ̀ ló sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí o bá rí irin tó ń dán, tí dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ wà lókè rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀, àwo gbígbẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ. Alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ ni wọ́n kùn ní ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní lacquer, tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ sì ń gbẹ́ ohùn sí i lára bí olórin ṣe ń kọrin lọ́wọ́. Wo abẹ́ lébẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ ìgbà ni wàá rí ihò kékeré kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àárín. Píìnì ni wọ́n ń kì bọ inú wọn kí àwo má baà yọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ.

Ilé-iṣẹ́ Presto ló gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ jáde ní 1934, kò sì pẹ́ tó fi gbilẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ rédíò. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù lásán tí kò ní ọ̀dà. Bí o bá bá ọ̀kan pàdé, mọ̀ pé abẹ́rẹ́ irin máa ń hó ohùn kúrò lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ oparun tàbí ti ẹ̀gún ni wọ́n ń lò fún un. Nígbà tí ogun wá dé, tí ìjọba ń kó alumíníọ̀mù lọ fi ṣe ọkọ̀ òfúrufú, gíláàsì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Torí náà, bí o bá rí ohun tó mọ́ gaara nínú ihò dípò irin, rọra o. Má dán an wò bóyá yóò tẹ̀, má gbé nǹkan lé e, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́ sí ọ nínú páálí. Lọ gbé e fúnra rẹ.

Àwọn tí wọ́n tẹ AFRS sójú wọn jẹ́ àwo títẹ̀. Armed Forces Radio Service ni, iléeṣẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1942 láti máa fi ètò rédíò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun wọn níbikíbi tí wọ́n bá wà, nínú ọkọ̀ ojú omi, ní àgọ́, ní erékùṣù. Los Angeles ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ń mú ètò tó ti jáde lórí rédíò ìlú, wọ́n ń gé ìpolówó ọjà kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á sì tún un tò. Wọ́n tún ń ṣe tiwọn fúnra wọn: Command Performance, Mail Call, Jubilee. Àṣẹ tó bá àwo náà lọ ni pé ohun ìní ìjọba ni, kí wọ́n bà á jẹ́ tí wọ́n bá lò ó tán. Ọ̀pọ̀ ló sì bà jẹ́ lóòótọ́. Èyí tó kù lónìí jẹ́ èyí tí ẹnì kan kò fẹ́ kó ṣègbé, tó fi pamọ́.

Nípa ṣíṣọ̀wọ́n wọn, má jẹ́ kí ọjọ́ orí tàn ọ́. Àwo AFRS tí wọ́n kàn ṣe àdàkọ orin tí gbogbo ayé ti rà ní ṣọ́ọ̀bù sórí rẹ̀ pọ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni ètò àwọn olókìkí tí wọ́n ti tún tẹ̀ jáde sórí LP (àwo íǹṣì 12 tó ń yí ní ìgbà 33⅓, tí wọ́n ń tà lọ́jà) àti CD láìmọye ìgbà. Lójú tèmi, Jubilee ni kí o máa wá. Ètò tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ni, Ernie Whitman tí wọ́n ń pè ní Bubbles ni atọ́kùn rẹ̀, Count Basie, Jimmie Lunceford àti Lena Horne wà lára àwọn tó wá síbẹ̀. Ariwo àwọn èrò tó wà nínú gbọ̀ngàn, bí Whitman ṣe ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo ilé ń mì, bí olórin ṣe ń na orin ju bí àwo ọjà ṣe gbà á láyè lọ: mi ò mọ ibòmíràn tí ènìyàn ti lè gbọ́ àwọn ẹgbẹ́ yẹn tí ara wọn yá gágá báyẹn. Ohun kan tún wà tí o ní láti mọ̀ kí o tó ra ọ̀kan. Ètò ìdajì wákàtí gba ojú àwo méjì, ó sì wọ́pọ̀ kí abala kìíní wà lórí àwo kan, kí abala kejì wà lórí àwo mìíràn, kí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ lè bọ́ sórí ẹ̀rọ kejì láìdúró yí àwo padà. Nítorí náà, ìdajì ètò lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tà. Ka ohun tó wà lójú lébẹ̀ẹ̀lì kí o tó sanwó.

Àwọn òǹtajà tún máa ń da V-Disc pọ̀ mọ́ wọn. V-Disc jẹ́ àwo íǹṣì 12 tó ń yí ní ìgbà 78, láti 1943 sí 1949 ni wọ́n fi ṣe é fún àwọn ọmọ ogun kí wọ́n lè máa gbọ́ orin fúnra wọn. Ohun rere ni, kì í kàn ṣe àwo rédíò ni.

Ọdún 1942 yẹn gan-an tún ṣe pàtàkì nítorí nǹkan mìíràn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, James Petrillo, olórí ẹgbẹ́ àwọn olórin Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má gbohùn sílẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ àwo mọ́, àfi tí wọ́n bá gbà láti máa san owó sápò ẹgbẹ́ lórí àwo tí wọ́n bá tà. Ilé-iṣẹ́ àwo Decca gbà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1943. Victor àti Columbia kò gbà títí di oṣù kọkànlá ọdún 1944. Láàárín àkókò yẹn ni jazz ń yí padà di bebop, irú jazz tuntun kan. Ẹgbẹ́ Earl Hines tí Charlie Parker àti Dizzy Gillespie jọ wà nínú rẹ̀ ní 1943 kò ṣe àwo kankan fún ọjà. Àmọ́ òfin Petrillo kò dí orin ààyè tó ń jáde lórí rédíò lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kó àwo rédíò jọ fi máa ń dúró wò lẹ́ẹ̀mejì tó bá rí déètì láàárín oṣù kẹjọ 1942 àti ìparí 1944, àgàgà tó bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́.

Èyí ló gbé wa padà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ìyẹ̀fun bò. Bó bá jẹ́ àwo gbígbẹ́ ni wọ́n lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà láyé. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilé-iṣẹ́ rédíò ló gbẹ́ ẹ, ó lè jẹ́ fún olórin tó sanwó pé kí wọ́n gba ohùn òun sílẹ̀, fún olówó ìpolówó tó fẹ́ ẹ̀rí, tàbí fún ara rẹ̀. Nínú irú àwo bẹ́ẹ̀ ni ètò ti máa ń wà lódindi: ìpolówó ọjà wà níbẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, aago tí wọ́n kéde wà níbẹ̀, ohun tí AFRS gé dànù.

Àpẹẹrẹ kan ni ti William Savory, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní New York. Láti nǹkan bí 1935 títí di 1941 ló ń gba orin inú rédíò sílẹ̀ lálẹ́. Nítorí pé àwo rẹ̀ tóbi, orin tí àwo ọjà gé sí ìṣẹ́jú mẹ́ta gùn dáadáa níbẹ̀. Coleman Hawkins wà níbẹ̀ tó ń lọ lórí “Body and Soul” bó ṣe wù ú. Savory kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ọ. Ó kú ní 2004, ní 2010 ni ọmọ rẹ̀ jẹ́ kí ó dé National Jazz Museum tó wà ní Harlem, àwo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Àwọn kan ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe kí wọ́n tó gbà wọ́n. Ó ń dùn mí tí mo bá rántí ìyẹn. Kì í ṣe pé ẹnì kan sọ wọ́n nù, wọ́n kàn dúró pẹ́ jù ni.

Bí wọ́n ṣe ń bàjẹ́ nìyí. Ọ̀dà lacquer nìkan a máa gan, torí náà wọ́n po òróró mọ́ ọn, òróró kásítọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìgbà, kó lè rọ̀ fún abẹ́rẹ́ tó ń gbẹ́ ẹ. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, òróró náà ń bàjẹ́, ọ̀rá inú rẹ̀ ń jáde sójú àwo, òun ni ìyẹ̀fun funfun tí o rí. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ewú bí irú èyí tó ń bo oúnjẹ tó ti bàjẹ́ ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òróró ti ń lọ, ọ̀dà ń sún kì, ṣùgbọ́n irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò sún kì. Nígbà tó bá yá, ọ̀dà á sán bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára irin. Kò sí ẹni tó lè lẹ̀ ẹ́ padà. Láti ìgbà tí ìyẹ̀fun bá ti hàn, kò sẹ́ni tó mọ bóyá ọdún mẹ́wàá ló kù tàbí oṣù mẹ́wàá. Nítorí náà, owó àkọ́kọ́ tí o máa ná sórí ìkójọ yìí, má fi ra àwo mìíràn. Fi san fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn àwọn yẹn sórí kọ̀ǹpútà.

Sọ fún ẹni náà pé kí ìgbà àkọ́kọ́ tí abẹ́rẹ́ máa kan àwo náà jẹ́ ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń gbohùn sílẹ̀, nítorí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ ọ́ ń jẹ díẹ̀ lára rẹ̀. Kí ó gbà á ní 96 kHz, bit 24, sínú fáìlì WAV, kí ó fún ọ ní ẹ̀dà tí kò tíì fọwọ́ kan rárá lẹ́yìn èyí tí ó bá tún ṣe. Bí ó bá ní òun á fọ̀ ọ́, béèrè ohun tí ó fẹ́ fi fọ̀ ọ́. Àwọn ilé ìpamọ́ máa ń lo omi tí wọ́n ti sè di ooru tí wọ́n sì gbà padà (distilled water), pẹ̀lú amóníà díẹ̀ nínú rẹ̀, láti mú ọ̀rá yẹn kúrò. Àmọ́ bí ọ̀dà bá ti sán, omi kò gbọ́dọ̀ kàn án, torí ó máa wọlé gba ojú sísán náà lọ sísàlẹ̀. Àwọn AFRS rẹ, tí wọ́n jẹ́ vinyl, kò lẹ́lẹ́gẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Omi mímọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le, ẹ̀kán kan, ti tó fún wọn. Bí o bá rí èyí tí wọ́n fi shellac ṣe, bíi ti ọ̀pọ̀ àwo 78 àtijọ́, láàárín wọn, ọtí kò gbọ́dọ̀ kan òun náà.

Ní ti giramafóònù: o nílò èyí tí apá abẹ́rẹ́ rẹ̀ jìnnà tó kí àwo íǹṣì 16 lè yí láìgbún un. Àwọn ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ rédíò àtijọ́, Rek-O-Kut, Gates, RCA, wà fún títà títí dòní, wọ́n wúwo, wọ́n sì fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Abẹ́rẹ́ LP kéré jù fún ipa ohùn wọn. Ti LP kì í ju mìlímítà 0.018 sí 0.025 lọ ní ẹnu, ti àwo 78 tó nǹkan bí 0.076, ohun tí ọ̀pọ̀ àwo rédíò fẹ́ sún mọ́ 0.06. Bí abẹ́rẹ́ bá kéré jù, ìsàlẹ̀ ipa ni yóò máa wọ́ lọ, ariwo ni wàá sì gbọ́. Má sì lo ẹ̀rọ tó ń tún ohùn LP ṣe ní tìpátìkúùkù. RIAA, ìlànà ìwọ̀n ohùn tó rinlẹ̀ àti ohùn tó tín-ín-rín tí LP ń lò, 1954 ló dé. Èyí tí àwọn oní-rédíò Amẹ́ríkà fẹnu kò lé lórí ní 1942, tí wọ́n ń pè ní NAB, yàtọ̀ sí i.

Kí o tó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wo lébẹ̀ẹ̀lì bóyá wọ́n kọ “start inside”. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì ń lọ sí etí. Mo fẹ́ràn ìdí rẹ̀ púpọ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gbẹ́ àwo lacquer, fọ́nrán ọ̀dà tín-ín-rín kan máa ń jáde bí irun, ó sì máa ń ká ara rẹ̀ jọ sápá àárín. Bí ẹ̀rọ bá ń gbẹ́ ẹ láti etí wá, ó lè bá fọ́nrán náà pàdé kó sì lọ́ mọ́ abẹ́rẹ́. Bó bá ti àárín bẹ̀rẹ̀, ó ń sá fún un lọ ni. Fọ́nrán yẹn a máa gbiná bí ẹ̀tù, onímọ̀ ẹ̀rọ tó bá gbọ́n kì í mu sìgá nítòsí rẹ̀. Ìdí kejì ni pé ohùn máa ń mọ́ létí ju àárín lọ. Bí abala kìíní bá parí sí etí, tí abala kejì sì bẹ̀rẹ̀ láti etí, olùgbọ́ kò ní mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ àwo.

Àwo World àti Associated tún ní ìṣòro tiwọn. Ohùn tiwọn lọ sókè sódò nínú ipa, kò lọ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀rọ lásán á mú ohùn wọn jáde bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìrọ̀rí, ni ẹni tí kò mọ̀ á bá ní àwo ti bàjẹ́, á sì tà á ní owó pọ́ọ́kú. Orí abẹ́rẹ́ stereo tí wọ́n yí wáyà apá kan padà ló máa gbé wọn jáde. Mo sọ èyí fún ọ kí o lè máa fojú sílẹ̀ de irú wọn lọ́jà.

Bóyá kì í ṣe jazz nìkan ló wù ọ́. Metropolitan Opera bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí rédíò ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 1931, Toscanini sì darí ẹgbẹ́ olórin NBC láti ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 1937 títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1954. Ti Toscanini ti jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, mi ò ní gbà ọ́ níyànjú pé kí o fi owó ńlá lé e. Ti ìgbà tó tẹ̀lé e náà wà, bíi King Biscuit Flower Hour, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, fún àwọn tó fẹ́ràn rock: LP íǹṣì 12 ni àwọn àwo rẹ̀, ìwé tó tò àkókò orin àti ìpolówó sì máa ń bá a rìn. Bí ìwé náà kò bá sí, máa fura, torí ayédèrú wọn kò kéré.

O kò béèrè ọ̀rọ̀ òfin, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ fi kún un. Níní àwo kò sọ ọ́ di olówó orin inú rẹ̀. Ní 1951, Hank Williams gba ètò àárọ̀ sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun Mother’s Best sórí àwo gbígbẹ́ ní rédíò WSM ní Nashville, kí wọ́n lè máa kọ ọ́ nígbà tí ó bá wà lẹ́nu ìrìn àjò. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ilé-iṣẹ́ rédíò WSM fẹ́ dà wọ́n nù, ayàwòrán wọn, Les Leverett, ló kó wọn kúrò nínú ìdọ̀tí. Nígbà tí àwọn méjì ń du ẹ̀tọ́ láti tà á, ilé-ẹjọ́ ní Tennessee sọ ní 2006 pé àwọn ọmọ Hank ló ni ẹ̀tọ́ náà, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ àwo rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹni tó ti ra àwo náà. Wọ́n gbé e jáde ní 2008. Lábẹ́ òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2018, àwo tí wọ́n gbé jáde fún aráàlú láàárín 1923 àti 1946 ní ààbò ọgọ́rùn-ún ọdún, èyí tó jáde láàárín 1947 àti 1956 ní 110. Ohùn tí wọn kò gbé jáde rí, irú èyí tó wà lórí àwo gbígbẹ́ rẹ gan-an, wà lábẹ́ ààbò títí di ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2067. Gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, máa gbọ́ ọ, fún ilé ìpamọ́ ní ẹ̀dà. Má kó o sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún títà.

Láti mọ ohun tó ṣọ̀wọ́n, ohun tí mò ń ṣe nìyí: mo máa ń wo òfìfo tó wà láàárín ìparí orin àti lébẹ̀ẹ̀lì, níbi tí wọ́n ti fi ọwọ́ tàbí òǹtẹ̀ kọ nọ́ńbà. Mo máa ń yí àwo síbi tí iná ti ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí nọ́ńbà á fi hàn, torí lébẹ̀ẹ̀lì lè ṣì, nọ́ńbà yẹn kì í sábà ṣì. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wá a nínú àkójọ Discography of American Historical Recordings tí yunifásítì California ní Santa Barbara ń tọ́jú, ọ̀fẹ́ ni. Library of Congress náà ní àkójọ àwo NBC tó pọ̀ jọjọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ARSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966 fún ìtọ́jú ohùn àtijọ́, máa ń dáhùn ẹni tó bá béèrè dáadáa. Bí orúkọ, déètì àti nọ́ńbà kò bá sí níbì kankan, tí àwo sì jẹ́ gbígbẹ́, ìgbà yẹn ni kí ọkàn rẹ máa lù.

Ibi tí o ti máa rí wọn rà: ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń kó kúrò ní ilé àtijọ́, ìdílé onímọ̀ ẹ̀rọ tó ti kú, ọjà gbàǹjo. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ibi tí ó ti wá, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ìlú máa ń ṣí ohun tí àwo fúnra rẹ̀ kò sọ. Ní kí wọ́n ya fọ́tò ihò àárín, lébẹ̀ẹ̀lì àti ojú àwo lábẹ́ iná, ojú méjèèjì. Ẹni tó bá kọ̀ láti yà á, fi í sílẹ̀.

Ní tìrẹ, kọ ohun gbogbo tó wà lójú àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ kọ yẹn sínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, àṣìṣe inú rẹ̀ náà, kí o sì ya fọ́tò ihò àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má tú èyíkéyìí kúrò nínú àpò tí o bá a nínú rẹ̀ títí o fi kọ ohun tó wà lára àpò náà. Fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn AFRS, màá sọ fún ọ èyí tó yẹ kí o kọ́kọ́ gbé lọ gbohùn rẹ̀ sílẹ̀.